Ìbòòsí Ìríjú Fúlíkì

Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo ni àwa ará Wínífọ́ọ̀dù ṣẹ Ìríjú Fúlíkì: a kò ṣọ̀tẹ̀ sí i.

Ẹ ó rántí ọdún tí mò ń wí, ọdún tí owó-orí wọ àwọn tálákà lọ́rùn tí wọ́n fi dìde. Ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ́sẹ́ẹ̀sì, agbára káká la fi rí ìríjú kan, nínú àwọn tó ń bá onílẹ̀ ṣàkóso ilẹ̀, tí wọn kò fà nírùngbọ̀n. Ti òkè odò, wọ́n lé e gun igi, ọjọ́ kejì ló tó sọ̀kalẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ odò, wọ́n jó ìwé rẹ̀, wọ́n mu ọtí rẹ̀ tán, wọ́n wá fi àgbá òfìfo dé e mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀, ọba ránṣẹ́ kí gbogbo wọn kú ewu. Ẹni àgbá gba ẹṣin. Ẹni orí igi, ọba fi idà kàn án léjìká, ó sọ ọ́ di akọni ọba, láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ kì í sì í dá ènìyàn lóhùn mọ́ bí a bá pè é lórúkọ.

Fúlíkì nìkan ni ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń kọjá ní abúlé wa, wọ́n béèrè ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ Tọ́sítánì alágbẹ̀dẹ, wọ́n mu omi, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìríjú wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nínú ẹ̀wù irin tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀, ó ń retí wọn. Ọ̀kan nínú wọn wò ó, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìdúró," ó sì kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lára ju ọfà lọ.

"Símúndì," ó sọ fún akọ̀wé rẹ̀, "kí ni àwọn ìríjú yẹn fi jù mí lọ tí wọ́n fi jó ìwé tiwọn?"

"Ọ̀gá," ni Símúndì wí, "bóyá wọ́n mọ̀ pé òjò ti pa ìwé tiwa."

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe pé kò ṣe ohun tí ènìyàn lè torí rẹ̀ ṣọ̀tẹ̀. Ó ti pàṣẹ pé bí òun bá ti ku ogójì ìṣísẹ̀ sí ọkùnrin, kí ó ṣí fìlà. Obìnrin, kí ó kúnlẹ̀, ì báà jẹ́ inú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n kí i báyìí: "Ìríjú tó mọ ilé, Ìríjú tó mọ oko, Ìríjú tó mọ ohun tó wà nínú wa." Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta tó ro ìkíni yìí jọ. Ìyá Gúnnílà, tí eyín rẹ̀ ku méjì, a máa kí i pé, "Ìríjú tó mú ilé, Ìríjú tó mú oko." Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ẹjọ́ eyín ni.

Fìlà Fúlíkì wá ńkọ́? Aṣọ pupa ni. Ó dúró ṣánṣán lórí rẹ̀, etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí ẹnu ayùn, ó sì ki ìyẹ́ dúdú gígùn mẹ́ta bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fìlà yìí sọ́kàn.

Ẹ fi òfin ìbòòsí náà sọ́kàn. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá rí olè tàbí apànìyàn gbọdọ̀ fi ìbòòsí ta. Ẹni tó bá sì gbọ́ ọ, ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò mú sáré jáde. Òfin àwọn baba ńlá wa ni, ó sì dára. Ṣùgbọ́n Fúlíkì fi ìrù tirẹ̀ kún un: ẹni tí kò bá jáde yóò fi adìẹ san ìtanràn, Ìríjú ni yóò sì gba adìẹ náà. Láti ọjọ́ tó ti sọ èyí ni etí rẹ̀ ti ń gbọ́ ìbòòsí tí ẹnikẹ́ni kò ké.

Àmísì, ìyàwó ọmọ Ìyá Gúnnílà, wà lára àwọn tó san án. Nígbà òtútù, wọ́n fi ìbòòsí ta nítorí olè àgùntàn. Àmísì gbọ́, ṣùgbọ́n orí ọkọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń kú lọ, kò sì lè gbé e sílẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú, Fúlíkì wá kó adìẹ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Òfin kò mọ ọkọ," ló wí.

Ó fi àkùkọ sílẹ̀, nítorí àkùkọ kì í yé ẹyin.

Àkùkọ náà kò gba kámú. Àràárọ̀ ló ń fo odi lọ dúró lẹ́nu ọgbà Ìríjú níbi tí wọ́n há àwọn ìyàwó rẹ̀ mọ́. Á kọ, á fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, á padà wálé. Àmísì a sì máa sọ fún un pé, "Ó tó, jàre. Èmi náà ń fara dà á."

Báyìí la wà títí di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́, tí gbogbo abúlé wà ní pápá tí wọ́n ń gé koríko tí ẹran yóò jẹ nígbà òtútù. Ìròyìn dé pé adájọ́ ọba ti wọ ìlú ńlá tó sún mọ́ wa, ó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, àwọn ìríjú tó jìyà sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń jẹ ẹran. Fúlíkì kò rí oúnjẹ gbé mì lọ́jọ́ náà. Ó jáde síwájú ọgbà rẹ̀, ó dá nìkan dúró, ó ń kọ́ bí òun yóò ṣe tẹrí ba lọ́jọ́ tí ọba bá fi idà kan òun náà léjìká.

Ó tẹrí ba díẹ̀. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i, ó na apá méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fò, fìlà pupa náà kọjú síwájú, ìyẹ́ mẹ́ta náà gbérí lẹ́yìn. Ó wá ń fi ẹsẹ̀ kan ha ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí ó ti gbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ̀yin tó ń sin adìẹ ti mọ ohun tí ó kù.

Àkùkọ Àmísì wò láti orí odi. Ó rí àkùkọ pupa ńlá kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ìyàwó rẹ̀, tó tẹ orí, tó na ìyẹ́, tó ń ha ilẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni gbèrò. Ìkọlù àkọ́kọ́ bá imú. Èkejì bá etí. Fúlíkì ṣubú sínú ẹrẹ̀, ó fọwọ́ bojú, ó sì fi ìbòòsí ta.

"Ẹ gbà mí o. Ará Wínífọ́ọ̀dù, ẹ jáde o. Wọ́n ń pa mí o."

Ó tọ́ kí a yin ènìyàn níbi tó ti ṣe dáadáa: ìbòòsí náà kò ní àbùkù. Bí a bá fẹ́ kọ́ ọmọdé ní ìbòòsí, tirẹ̀ la ó fi kọ́ ọ.

Gbogbo pápá dìde. Ta ló fẹ́ fi adìẹ san ìtanràn? Àwọn tó ń gé koríko gbé dòjé gígùn wọn dání wá. Tọ́sítánì gbé òòlù. Àmísì tó ń fọṣọ létí odò gbé igi ìfọṣọ. Ìyá Gúnnílà tó ti ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin jáde tòun ti ọmọrogùn, ọbẹ̀ ẹ̀wà ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Ìríjú da ojú bolẹ̀, àkùkọ sì wà lórí fìlà rẹ̀, ó ń kọ.

"Ọ̀gá," ni Tọ́sítánì wí, ó ń mí hẹlẹ, "níbo ni apànìyàn náà gbà?"

Àkùkọ tún kọ lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó ṣì wà lórí wọn," ni Ìyá Gúnnílà wí.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kí Ọlọ́run dárí jì wá, gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Àmísì nìkan ni kò rín. Ó sáré gbé àkùkọ rẹ̀ há abẹ́ apá, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Ẹ má bínú sí i, àwọn ìyàwó rẹ̀ ló ń wá."

Fúlíkì gbójú sókè. Ó rí dòjé níwájú, ó rí dòjé lẹ́yìn, ó rí òòlù, ó rí ọmọrogùn. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ojú ẹni tí ó jí rí ẹ̀bùn lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀.

"Ọ̀tẹ̀ ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ fi ohun ìjà ká mi mọ́. Ọlọ́run ṣeun, ọ̀tẹ̀ dé ọ̀dọ̀ èmi náà." Ó sì rọra padà dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ náà, kí akọ̀wé lè wá bá a níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe kọ ìwé ẹ̀sùn náà.

"Kọ ọ́ pé ẹgbàá ọlọ̀tẹ̀," ni Fúlíkì wí.

"Ọ̀gá, àádọ́rùn-ún ni gbogbo wa, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́."

"Kọ ọ́ pé wọn kò lóǹkà. Ohun ìjà wọn?"

"Dòjé gígùn mọ́kànlá, òòlù kan, igi ìfọṣọ kan, ọmọrogùn kan."

"Wá orúkọ tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ọmọrogùn."

Símúndì ronú. "Ní Látìn, ó lè jẹ́ 'igi tí a fi ń da ohun gbígbóná rú.'"

"Ìyẹn dára. Ìyẹn ba ni lẹ́rù. Olórí wọn ni Àmísì opó, òun ló kọ́kọ́ dé, òun ló ni ẹranko tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ogun. Kí wọ́n gbé e kọ́. Ilé rẹ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀ tó wà lẹ́bàá odi mi, kí ọba gbà á, ọba yóò mọ ẹni tí yóò fi jíǹkí."

"Ṣé Àmísì ló pè wọ́n jọ?"

"Àmísì kẹ̀? Ohùn rẹ̀ kò lè jí ológbò."

"Nítorí ìwé ní àyè kan tí a gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹni tó fi ìbòòsí ta sí, ọ̀gá. Mo kàn kọ ọ́ pé, 'wọ́n gbọ́ ìbòòsí.'"

Fúlíkì dìde jókòó. "Kí ló dé tí o fi mí pamọ́? Ta ló ké e, odi ni? Èmi ni. Kọ ọ́ pé ohùn Fúlíkì, òun nìkan ṣoṣo, ló kó gbogbo abúlé jọ láti pápá."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Àṣẹ ọba tí wọ́n kà lọ́jà lọ́jọ́ Àìkú…"

"Mo wà níbẹ̀."

Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ń ka àṣẹ náà, ó ń wá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní da ìyẹ́ fìlà rẹ̀ rú.

"Ṣé kí n kọ ọ́, ọ̀gá?"

"Fi tàdáwà pupa kọ ọ́."

Símúndì mí kanlẹ̀. Bí ó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ nílé, a máa purọ́ díẹ̀ bíi gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò purọ́ rí nínú Látìn. Ó ki gègé bọ tàdáwà pupa, ó kọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dúró de ẹjọ́ náà, kò sì sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Igi ìgbékọ́ ìlú ńlá kì í ṣe àwàdà. A mọ àwọn tó wà lórí rẹ̀ lórúkọ. Fúlíkì ti ń fẹsẹ̀ wọn ọgbà Àmísì. Ó ní ibẹ̀ ni òun yóò kọ́ ilé ẹṣin sí, fún ẹṣin tí ọba yóò fún òun. Àmísì fi ojú fèrèsé wò ó, ó gbàdúrà, ó sì lọ bá Tọ́sítánì.

"Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá gbé mi kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú Ìyá sọ́dọ̀. Bí wọ́n bá ti gba ilé, wọn ò níbi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí."

"Èmi kí n lọ bá alágbẹ̀dẹ gbé?" Ìyá Gúnnílà ti tẹ̀ lé e. "Kí ló máa fún mi jẹ, ìṣó? Orúkọ tèmi náà wà nínú ìwé yẹn, ìwọ Àmísì. A jọ ń lọ ni. O rò pé o máa dá ọmọ mi rí lọ́run kó o máa sọ fún un pé mo ń pariwo?"

Àmísì rẹ́rìn-ín, ó sì bú sẹ́kún. Ìyá àgbà náà fa orí rẹ̀ mọ́ àyà.

Ọjọ́ ẹjọ́ pé. Adájọ́ ọba jẹ́ arúgbó tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú. Láti ọ̀sẹ̀ méje ló ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀tẹ̀, ó sì ti sú u. Àwọn ọkùnrin méjìlá tó búra láti bá a dá ẹjọ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì ni àwọn ìríjú tó jìyà wà, ti àgbá àti ti orí igi, wọ́n ká ẹsẹ̀ lérí ẹsẹ̀. Okùn ń mì lójú fèrèsé. Wọ́n mú Àmísì dúró níwájú, Ìyá Gúnnílà fara tì í, àwa yòókù wà lẹ́yìn.

Fúlíkì tẹrí ba bí ó ti ṣe kọ́ ọ. Ó wo òkè àti ilẹ̀ ná kó tó ṣe é.

"Olúwa mi adájọ́," ó bẹ̀rẹ̀, "ojú ọba, etí ọba, imú ọba…"

Adájọ́ tó ń fun imú lọ́wọ́ gbójú wò ó.

"…bí òkè bá ṣí nídìí, Fúlíkì kò ní ṣí. Wọ́n dé bí eéṣú. Wọ́n bo ọ̀run, wọ́n bo ilẹ̀. Èmi nìkan, olúwa mi, èmi nìkan láàárín wọn, mo dúró bí ògiri."

"Mo gbọ́ pé o dùbúlẹ̀ ni," ni adájọ́ wí. "Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní, mo sì fẹ́ lọ jẹun. Àkọ́kọ́: ta ló fi ìbòòsí ta?"

Símúndì dìde, ó ka Látìn rẹ̀, ó sì tú u sí èdè wa: "Fúlíkì ìríjú, òun nìkan ṣoṣo, ló fi ohùn ara rẹ̀ kó gbogbo abúlé jọ láti pápá, pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́ wọn."

Adájọ́ na ọwọ́ gba ìwé náà. "Tàdáwà pupa," ó wí. Ó fa àṣẹ ọba jáde lábẹ́ àwo wàràkàṣì rẹ̀, ó kà á jẹ́jẹ́. "'Olórí ọ̀tẹ̀ ni ẹni tí ohùn rẹ̀ bá kó èrò jọ pẹ̀lú ohun ìjà. Kí ilé rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ àti oyè rẹ̀ di ti ọba, kí a sì so ó kọ́.' Ìwọ ni Fúlíkì?"

Fúlíkì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rín, ó dákẹ́. "Olúwa mi, èmi ni wọ́n dìde sí."

"Ìwọ lo pè wọ́n."

"Mo pè wọ́n nítorí pé…"

"Nítorí kí ni? Ìbéèrè kejì nìyẹn. Bí ìdí bá wà, òfin ló ní kí wọ́n sáré wá gbà ọ́, kò sí ọ̀tẹ̀ níbẹ̀. Bí ìdí kò bá sí, ìwọ lo fi irọ́ kó èrò jọ tòun ti dòjé, okùn sì nìyẹn. Èwo ni?"

Ìríjú wo okùn. Ó wo ẹni àgbá, ó wo ẹni orí igi, tí wọ́n ti na ọrùn síwájú. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, mo rò pé kò sí okùn lójú fèrèsé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Àkùkọ ni," Fúlíkì wí, bí ẹni ń jẹ́wọ́ fún àlùfáà.

"Sọ ọ́ sókè. Ọ̀fìnkìn ti dí mi létí."

"Àkùkọ."

"Ó tóbi tó báwo?"

Fúlíkì ya ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ títí apá rẹ̀ fi tán. Adájọ́ rọra gbé Ìwé Mímọ́ tó fi búra síwájú rẹ̀. Ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra. Adájọ́ dúró. Ó tún sún mọ́ra. A gbọ́ tí ẹni àgbá ń fi aṣọ di ẹnu. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọwọ́ náà dé orí ìwọ̀n àkùkọ, ó dúró síbẹ̀.

"Ìbéèrè kẹta," ni adájọ́ wí. "Kí ló bí àkùkọ náà nínú?"

Ìgbà yìí ni Àmísì sọ̀rọ̀, ohùn tí kò lè jí ológbò náà ló fi sọ ọ́. "Àwọn ìyàwó rẹ̀ mẹ́rin wà nínú ọgbà ọ̀gá Ìríjú, olúwa mi. Wọ́n kó wọn nítorí mi ò jáde sí ìbòòsí nígbà òtútù. Ọkọ mi ń kú lọ lórí itan mi ni. Mi ò lè gbé e sílẹ̀."

Adájọ́ gbé aṣọ imú rẹ̀ sílẹ̀.

"Akọ̀wé, òfin adìẹ yìí, ibo ló wà nínú ìwé?"

"Kò sí nínú Látìn kankan, olúwa mi," ni Símúndì wí.

Àwọn ọkùnrin méjìlá náà kò dìde lórí ìjókòó kí wọ́n tó fohùn ṣọ̀kan pé kò sí ọ̀tẹ̀. Adájọ́ ní kí àwọn obìnrin máa lọ sílé, kí adìẹ olúkúlùkù padà sọ́dọ̀ olúkúlùkù. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Símúndì. "Kọ àkùkọ náà sínú ìwé, kí wọ́n lè rí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Tàdáwà kan náà ni kí o fi kọ ọ́."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lẹ́tà onílẹ̀ wa ti dé. Ó ní òun kò lè fi ilẹ̀ òun sọ́wọ́ ẹni tí àkùkọ ń borí. Ọjọ́ náà la ṣí ọgbà Ìríjú, àwọn adìẹ tú jáde, kò sì sí èyí tó ṣi ilé mọ̀. Àwọn mẹ́rin ti Àmísì fo odi tẹ̀ lé ọkọ wọn.

Fúlíkì kó ẹrù rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò sẹ́ni tó sìn ín. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Àmísì, obìnrin náà jáde tòun ti búrẹ́dì bálì kan tó ṣì ń gbóná.

"Ọ̀nà jìn, ọ̀gá," ó wí.

"Fún ẹni tó fẹ́ gbé ọ kọ́?" ni Ìyá Gúnnílà wí láti inú ilé. "Fún un ní tàná. Tàná ti gan."

Àmísì kò padà. Fúlíkì gba búrẹ́dì náà. Ó wo ọwọ́ obìnrin náà, ó wo ilé náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba láti dúpẹ́, láìjẹ́ pé ó kọ́ ọ ṣáájú. Ó ti tẹ̀ ẹ́ dé àárín kó tó rí àkùkọ náà lórí odi, tó dẹ́kun títún ìyẹ́ rẹ̀ tò, tó yí ojú kan sí i.

Fúlíkì dúró gbagidi. Ó gbọ́wọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ṣí fìlà pupa náà kúrò lórí, ó gbé e há abẹ́ apá, ó wá tẹrí ba délẹ̀ pẹ̀lú orí pípá.

Gbogbo wa la rí i láti ojú fèrèsé. Ṣùgbọ́n títí di òní, a kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tó ṣí i fún, opó ni tàbí àkùkọ.